Ìwé Kì í Ní Àbúrò

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà kóòtù dé bá Òṣùwọ̀n níbi iṣẹ́, nígbà tó sì kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn. Wọ́n ní kó wá jẹ́rìí lórí ẹ̀rọ kẹrin, èyí tí ọlọ́pàá fi wọn ọtí lẹ́nu awakọ̀ kan tó fi ọkọ̀ akẹ́rù wó ògiri ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí kò sí ẹnì kankan nínú ọgbà. Awakọ̀ tí wọ́n ń wí yìí, àbúrò rẹ̀ ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ẹni tó kọ lẹ́tà ò mọ̀. Orúkọ ọkọ ni Òṣùwọ̀n ń jẹ́ ní ọ́fíìsì, orúkọ bàbá sì ni àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Òṣùwọ̀n kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ àti nítorí ìwà rẹ̀. Ẹ̀rọ mọ́kànlá ni ọlọ́pàá ìlú náà ní tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó mutí wakọ̀. Wọn á ní kí o fẹ́ atẹ́gùn sí i, nọ́ńbà á jáde, bí nọ́ńbà náà bá sì ti kọjá àádọ́ta, o wọ gàù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń purọ́? Òṣùwọ̀n ni. Lóṣooṣù ni wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ náà wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Á da ọtí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti wọ̀n dáadáa sínú ìgò kan báyìí, ìgò náà á máa mí sẹ́nu ẹ̀rọ bí ọ̀mùtí gidi, ẹ̀rọ á sì tẹ pélébé ìwé kan jáde tó ń sọ iye tó rí. Rìsíìtì ni wọ́n ń pè é, torí ó jọ rìsíìtì ilé ìtajà. Bí iye tó wà lára rìsíìtì bá bá ti ìgò mu, Òṣùwọ̀n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ẹ̀rí, á fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ á padà sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọdún méjìlá ló ti fi ṣe é. Kò fi ẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀, òun ló sì mọ ọtí jù ní gbogbo àdúgbò.

Nílé pàápàá, ṣíbí ló fi ń wọn iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ nígbà kan pé bí òun bá sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi ní kí òun mú rìsíìtì wá. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Òṣùwọ̀n náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ìjìyà ẹni tó bá mutí wakọ̀ wà lára ògiri kóòtù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà gadagba bí ẹni ń polówó ọjà. Àkọ́kọ́, owó ìtanràn, wọn á sì gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ onítọ̀hún fún ọdún kan. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà gbáko, kò sí pé ẹnì kan fẹ́ fi owó rà á, láísẹ́ǹsì á sì di ọdún márùn-ún. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọdún méjì. Àbúrò Òṣùwọ̀n ti gba ti àkọ́kọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì búra nígbà náà pé ọtí àtòun ti pínyà. Ó jọ pé wọ́n ṣì ń kí ara wọn. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀ báyìí, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún oṣù méje, oyún tí wọ́n ti ń fi omijé wá láti ọdún mẹ́fà.

Lọ́yà àbúrò yìí ló ní kí wọ́n pe ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rọ wá. Kò sí ohun mìíràn tó kù fún un láti ṣe. Ọlọ́pàá mẹ́ta ló rí oníbàárà rẹ̀ tó ń bá ògiri tó wó sọ̀rọ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ẹ̀rọ nìkan ló ṣẹ́ kù láti bá jà.

Nígbà tí Màmá gbọ́ pé ọwọ́ ọmọ òun ni ọ̀rọ̀ ọmọ òun wà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀dọ̀ Òṣùwọ̀n ni Màmá ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un ní oṣù méjì sẹ́yìn.

"Kí lo fẹ́ lọ sọ fún wọn?" ló bi í.

"Ohun tó bá wà nínú fáìlì ni, mà."

"Fáìlì kẹ̀? Ṣé ẹ̀rọ kì í ṣàìsàn ni? Rédíò mi yìí ńkọ́, tó jẹ́ ọjọ́ tó bá wù ú ló ń sọ̀rọ̀? Sáà sọ fún wọn pé ara rẹ̀ ò yá lọ́jọ́ náà."

"Màmá, mi ò lè purọ́."

"Ta ló ní kó o purọ́? Àánú ni mo ní kó o ṣe."

"Ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún irú àánú yẹn, mà. Ẹ̀rọ ò ṣàìsàn. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

Láti ọjọ́ náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Màmá ò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ nǹkan, ọkọ Òṣùwọ̀n ló ń rán sí i, ì báà jẹ́ pé orí àga kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí. "Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín pé omi ìwẹ̀ mi ti tutù." Ọkọ á yíjú sí ìyàwó, á ní Màmá ní omi ìwẹ̀ ti tutù. Òṣùwọ̀n á dìde, á lọ gbé omi kaná. Ó dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Bó ti ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ó ń gbé orí sókè bí ẹni tí òtítọ́ bí. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kóòtù, ó lọ yọ fáìlì ẹ̀rọ kẹrin jáde kó lè mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Yàrá fáìlì kò ju ibi tí èèyàn lè na ọwọ́ sí lọ, òórùn bébà àti gọ́ọ̀mù ló kún ibẹ̀. Ó ṣí i. Ìwé ẹ̀rí oṣù náà wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n kọ sí i. Ibi tó yẹ kí rìsíìtì wà ṣófo.

Ó yí ìwé sẹ́yìn. Ó gbọn fáìlì. Ó wo ilẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ló tún wo ọjọ́ tó wà lára ìwé, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú Màmá. Láti ìdájí ni Òṣùwọ̀n ti wà nílé ìwòsàn, tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Báyìí ló rántí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, lẹ́yìn tó ti wọn ẹ̀rọ méje, ọtí inú ìgò tán. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni tuntun yóò tó dé, ọlọ́pàá sì gbọ́dọ̀ gba gbogbo ìwé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní ọ́fíìsì náà, ọ̀nà kan wà tí wọ́n máa ń gbà yanjú irú èyí, Ọ̀gá sì ní gbólóhùn kan fún un: "Kọ ọ́ sílẹ̀ ná, a ó wọ̀n ọ́n tó bá yá." Gbogbo àwọn yòókù ti ń ṣe é tipẹ́. Òṣùwọ̀n nìkan ni kò gbà, ó sì ti fi ẹnu rẹ̀ bú wọn títí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlá yẹn, àyè ọjọ́ méjì ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọ̀gá nítorí ojú Màmá. Ẹni tó ń tọrọ nǹkan kì í ṣe agídí. Ó fọwọ́ sí ìwé mẹ́rin, ó kọ ọjọ́ kẹrìnlá sí wọn, ó ní tí òun bá dé òun á wọ̀n wọ́n. Nígbà tó máa fi dé, ọlọ́pàá ti kó ẹ̀rọ lọ, iṣẹ́ mìíràn ti gorí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì fò ó lọ́kàn pátápátá. Ọjọ́ ogún oṣù ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kẹrin sẹ́nu àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni láàárín ọdún méjìlá. Kò sí ẹni tó dé iwájú adájọ́ tí kì í wí bẹ́ẹ̀.

Ó wo ọ̀rọ̀ náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Tó bá lọ ka ìwé yìí bó ṣe wà, irọ́ ló pa, gbogbo ayé á sì máa yìn ín pé ẹ wo obìnrin tí kò tìtorí àbúrò gbè sẹ́yìn irọ́. Àbúrò á lọ sẹ́wọ̀n, ọmọ á dé, bàbá rẹ̀ ò ní sí nílé. Tó bá sọ òtítọ́, wọn á tú àbúrò sílẹ̀, iṣẹ́ òun á bọ́, orúkọ tí òun fi ọdún méjìlá kọ́ á wó lulẹ̀ bí ògiri ilé ìwé. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó tiẹ̀ bínú sí Màmá fún ìṣẹ́jú kan, pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ ò lè dúró di oṣù kejì. Lẹ́yìn náà, ojú ara rẹ̀ tì í. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ ó ti dé ibi tó gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ.

Ó lọ bá Ọ̀gá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Ọ̀gá, ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń tọ́jú aṣọ ìnubàtà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

"Ọ̀gá, rìsíìtì ẹ̀rọ kẹrin ò sí nínú fáìlì. A ò wọ̀n ọ́n, sà."

"Àwa wo?" ni Ọ̀gá bi í.

"Èmi, sà. Mi ò wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ lọ sọ ní kóòtù lọ́la nìyẹn."

Ọ̀gá wò ó títí bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. "Máa lọ sílé. Ó ti rẹ̀ ọ́. Màá bá ọ wá rìsíìtì náà."

"Kò sí, sà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ wá ohun tí kò sí?"

"Ìwọ sáà máa lọ."

Òṣùwọ̀n rò pé ọ̀rọ̀ náà ò yé e ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kóòtù kún. Ìjókòó ibẹ̀ le, fáànù òkè sì ń yí pẹ̀lú ariwo. Àbúrò rẹ̀ wà nínú àgọ́ olùjẹ́jọ́, ó wọ súùtù tó fi ṣègbéyàwó. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó olóyún, kò sì wo ibi tí Òṣùwọ̀n wà. Wọ́n ní kí Òṣùwọ̀n búra, ó búra. Lọ́yà dìde, ó ti mọ̀ pé òun ò ní rí nǹkan kan gbà lẹ́nu obìnrin yìí, ó kàn fẹ́ ṣe é kó lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lóòótọ́ lẹ wọn ẹ̀rọ kẹrin ní oṣù náà?"

"Rárá, sà. Mi ò wọ̀n ọ́n."

Lọ́yà gbé ẹsẹ̀ kan, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Adájọ́, obìnrin tó fi gíláàsì há imú, gbé orí sókè. Òṣùwọ̀n ro gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀: ọtí tó tán nínú ìgò, ojú Màmá, ìwé mẹ́rin, rìsíìtì tí kò sí. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Kò tíì sọ òtítọ́ tó burú fún òun fúnra rẹ̀ báyìí rí, ó sì rí i pé iṣẹ́ ńlá ni.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Kí ló pa ẹ̀yin àti olùjẹ́jọ́ pọ̀?"

"Àbúrò mi ni."

Ẹ̀rín bú sọ́tùn-ún, ó bú sósì. Wọ́n ní kí wọ́n dákẹ́.

"Ẹ tún ní kò sí rìsíìtì nínú fáìlì?"

"Kò sí. Mo wò ó lánàá."

Ó gbé fáìlì fún un. Òṣùwọ̀n ṣí i, rìsíìtì sì ń wò ó lójú. Ó wà níbi tó yẹ kó wà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ọjọ́ kẹrìnlá ló wà lára rẹ̀, iye tó wà níbẹ̀ sì bá ti ìgò mu rẹ́gí.

"Èyí kì í ṣe ti ẹ̀rọ kẹrin," ló ń wí, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè. "Ti ẹ̀rọ kẹsàn-án ni. Ẹ wò ó, ẹ̀rọ kẹsàn-án kì í tẹ ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ já gaara. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tẹ ọjọ́ yìí sí i."

Bó ṣe ń ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Wọ́n pe Ọ̀gá. Bàtà rẹ̀ ń dán. Ó búra, ó sì wo Òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìfẹ́ tòótọ́, bí ẹni tó ń na agboòrùn sí ẹlòmíràn lórí.

"Ká ní Òṣùwọ̀n kọ́ ni, ǹ bá sọ pé bóyá," ni Ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n òun kẹ̀? Ìdájí ló wá lọ́jọ́ kẹrìnlá, ó wọ̀n ọ́n tán kó tó sáré lọ bá ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ẹ má fìyà jẹ ẹ́, Olúwa mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ló gbé e."

Gbogbo ìyìn tí Òṣùwọ̀n ti ń retí fún ọdún méjìlá, ọjọ́ náà ni Ọ̀gá sọ ọ́ jáde, níwájú gbogbo èèyàn.

Adájọ́ bọ́ gíláàsì. Ó ní òun ti gbọ́ orúkọ ẹlẹ́rìí yìí tẹ́lẹ̀, pé kì í ṣe irú ẹni tó ń purọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ ọ́n pa. Ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ló tọ́ sí ẹni tó bá búra èké, àmọ́ nítorí orúkọ rere yẹn, òun yóò fojú fò ó, kí ọ̀gá rẹ̀ bá a wí ní ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé fáìlì sókè.

"Èèyàn ní àbúrò," ló wí. "Ìwé kì í ní àbúrò. Ìwé ni mo gbà gbọ́."

Ó fún olùjẹ́jọ́ ní oṣù mẹ́fà, ó sì gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Wọ́n gbà kí wọ́n dágbére fún un ní yàrá ẹ̀yìn kí ọkọ̀ tó gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti sunkún títí, wọ́n ti mú un jókòó síta. Nígbà tó kan Òṣùwọ̀n, àbúrò rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó fẹnu sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ọlọ́run ló máa san án fún yín. Irọ́ yẹn lágbára, ẹ kàn ń làágùn jù ni."

"Mi ò purọ́. Ẹnikẹ́ni ò wọn ẹ̀rọ yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ìgò márùn-ún ni mo mu, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wọ̀n ọ́n o, wọn ò wọ̀n ọ́n o, ẹ̀rọ yẹn ò purọ́ mọ́ mi." Ó nu ojú. "Ẹ bá mi gbé ọmọ náà tó bá dé. Ẹ má jẹ́ kó sunkún jù."

Ní ọ̀nà ìta, Ọ̀gá dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Mo bò ọ́ láṣìírí tán, o tún fọwọ́ ara rẹ ṣí i," ló ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó dùn ún gan-an, ó hàn lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ìwé mẹ́rin ni mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà. Àwọn tó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀rọ mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Lọ sinmi," ni Ọ̀gá wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti bá ọ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Kò sí ẹni tó sọ ohun tí wọn yóò fojú òtítọ́ náà rí tó bá dé. Òṣùwọ̀n jókòó sórí àkàsọ̀ kóòtù. Ó ti pàdánù orúkọ rẹ̀, kò sì fi gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó ń bínú, kò sì mọ ẹni tí ì bá bínú sí, torí gbogbo ẹni tó rí ló fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹnì kan jókòó tì í. Màmá ni. Ó gbé ọwọ́ Òṣùwọ̀n lé itan ara rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra á, bó ti máa ń ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọdé tó sì ń ṣàìsàn.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. "Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn wa tó báyìí. Ìwọ tí o kì í purọ́! Tó o wá dúró níwájú gbogbo wọn, tó o fi orúkọ rẹ wọ́lẹ̀ nítorí àbúrò rẹ. O tiẹ̀ fi ti ojú mi kún un. Ọpọlọ rẹ pé."

"Màmá, ọ̀dọ̀ yín ni mo wà lóòótọ́ lọ́jọ́ kẹrìnlá. Èmi ni mo di ọwọ́ yín mú."

"Èmi tí wọ́n di lójú, ọjọ́ wo ni mo mọ̀? Má bẹ̀rù, ìwọ ọmọ yìí. Bí wọ́n bá bi mí, ohun tó o wí lèmi náà á wí."

"Màmá, òótọ́ ni."

"Mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kó o máa wí, má yí i padà. Ọlọ́run á dárí rẹ̀ jì ọ́. Èmi náà á máa bá ọ bẹ̀ ẹ́."

Òṣùwọ̀n la ẹnu. Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ojú rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là mọ́ gaara, omi sì kún inú rẹ̀. Bí ó bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí Màmá sì gbà á gbọ́, yóò di pé ọmọ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan fún un lónìí rárá, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló sọ nígbẹ̀yìn, "ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo purọ́."

Màmá ní òun ò ní sọ.